Wọ́n Ti Jáde

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí lọ́dún tí mo wọ iṣẹ́ rélùwéè, mo sì ṣì jẹ́ ọmọdé nínú ilé wa ní Kétu. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ méjèèjì pọ̀, nítorí pé bí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé ẹnì kan ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n á rò pé ó ti di àgbà. Kò rí bẹ́ẹ̀ nílé wa. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú gírísì lábẹ́ èékánná, Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, kì í bi mí bóyá ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Fọlárìn, àlùbọ́sà ń retí ẹ."

Òótọ́ ni pé àlùbọ́sà ń retí mi. Ìyá mi ló ń tà á. Á lọ rà á ní àpò ní Mile 12 bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti òkè Ọya dé, á sì tẹ́ ẹ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, láti ẹnu ọ̀nà yàrá wa títí dé ibi tí àwọn ará ilé yòókù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Iṣẹ́ èmi àti Bùnmi àbúrò mi ni láti máa yí i padà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó má bàa làágùn, ká sì yọ èyí tó bá ti ń rà kúrò. Ìyá mi kì í fojú wá èyí tó rà. Á dúró lójú ilẹ̀kùn, á fa imú, á ní, "Ọ̀kan wà níbẹ̀ yẹn o, lápá ọ̀dọ̀ ògiri," a ó sì rí i níbẹ̀. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn àlùbọ́sà tó fẹ́ bàjẹ́, àyà mi máa ń já díẹ̀ kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Ọdún yẹn ló fà á. Lọ́dún yẹn, ó dà bíi pé ohun kan ń rà nínú ilé wa tí imú ìyá mi ti gbọ́, tí ọwọ́ wa kò tíì bà.

Kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa. Fèrè àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ tú ata àti tòmátì sílẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dún, lẹ́yìn náà ni ayùn bàbá mi, nítorí káfíńtà ni, ó sì fẹ́ràn láti gé pákó kí oòrùn tó mú. Èyí tó gbẹ̀yìn ni ọ̀pá Ìyá Àgbà lórí símẹ́ńtì: kò, kò, kò. Bí ọ̀pá yẹn bá ti dún, kí oníkálukú yáa tún ẹnu ara rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú ni bàbá mi lọ mú un wá láti Ìjẹ̀bú, ẹrù rẹ̀ kò sì pọ̀, àmọ́ ó kó òfin ẹnu wá. Ẹni tó bá fi oṣù kan ju èèyàn lọ, "wọn" ni. A kò gbọdọ̀ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní "ó", ká má tiẹ̀ wá sọ pé a fẹ́ pè é lórúkọ.

Mo rántí ìgbà tí Bùnmi sáré wọlé tó ní, "Ìyá Àgbà, Bọ̀dá Fọlá ti dé, ó wà lẹ́yìnkùlé."

Ọ̀pá kan ilẹ̀. "Ta ni ó? Ṣé ẹ jọ tinú oyún kan náà wá ni?"

"Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé, Ìyá Àgbà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹnu ẹ ti padà sípò."

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé àṣejù ni nǹkan báyìí. Ẹ má binú sí mi, kì í ṣe àṣejù. Inú ilé tí yàrá ti dojú kọ yàrá, tí gbogbo wa ń lo balùwẹ̀ kan, tí a ń gbọ́ ìkọ́ ara wa lóru, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni ògiri tó nípọn jù láàárín èèyàn méjì. Mo fi ọ̀wọ̀ yìí dàgbà, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ó ti rí i pé "ó" ni mò ń lò fún àwọn àgbà inú ìtàn yìí, àfi níbi tí mo bá ń sọ ohun tí ẹlòmíràn sọ. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ fara balẹ̀, ẹ máa mọ ìdí rẹ̀.

Òfin Ìyá Àgbà ní ihò kékeré kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kà sí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé tó ń fọ ìkòkò, ó sì kígbe wọlé, "Bùnmi, wọ́n ti jẹun?" Bàbá mi ló ní lọ́kàn. Bùnmi gbójú sókè, ó rí Ìyá Àgbà tó ń lá ọbẹ̀ ilá lọ́wọ́, ó dáhùn pé, "Wọ́n ti jẹun, Mà." Ìyá mi kó èyí tó kù fún àwọn ìbejì yàrá kejì, ó da omi sínú ìkòkò. Kò pẹ́ tí bàbá mi wọlé pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó lórí, ó fọwọ́, ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀kùn.

"Ìyá Fọlá, oúnjẹ mi dà?"

"Oúnjẹ wo? Ṣebí wọ́n ní ẹ ti jẹun."

"Ta ni wọ́n? Ta ni wọ́n ní ó jẹun?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Gààrí ni bàbá mi mu sùn. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ebi alẹ́ kan kì í pa àgbà. Àrífín ló ń pa ilé." A gbà bẹ́ẹ̀. Ta ló lè mọ̀ pé ihò tó gbé àwo ẹ̀bà kan mì lè gbé èèyàn mì?

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè títí tó fi fẹ̀yìntì ló bá wa wá ààyè fún mi láti kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bàbá mi yọ̀. Ó ní ọwọ́ tó bá mọ irin kì í tọrọ jẹ. Ìyá mi kò bá a yọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ti fi ìka sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìlagi, ìyá mi ló sì máa ń bá a dí bọ́tìnnì rẹ̀ bó bá wá kí wa. Mo gbọ́ ohun tí ìyá mi sọ fún bàbá mi láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé: "Mo ti gbọ́ o. Ẹ mú un lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ohunkóhun bá ti ibẹ̀ bá ọmọ mi wálé, mo máa lọ fà á lọ́wọ́ jáde, ẹ kò sì ní bá mi sọ̀rọ̀." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ mi so rọ̀ lórí okùn kan, ọwọ́ ìyá mi sì ni orí okùn náà wà.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi yẹn náà ló fún mi ní ofaróòlù, aṣọ iṣẹ́ alápá gígùn tí mo ń wọ̀. Ọkùnrin náà ga, ó sì tóbi. Ìyá mi ké ẹsẹ̀ aṣọ náà kúrú, ó fi abẹ́rẹ́ tún ìbàdí rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan apá rẹ̀. "Ọwọ́ ẹ ṣì ń gùn," ó ní. "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. A ò mọ ìgbà tí òmíràn máa wá." Mo ń ká a sókè, ó sì ń tú wálẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ìyá mi á da kẹrosíìnì sínú àwo kékeré, á fa ọwọ́ mi méjèèjì sọ́dọ̀, á máa fi àkísà nu gírísì kúrò. Á ní ìdọ̀tí ni òun ń wò. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìdọ̀tí. Á di ìka kọ̀ọ̀kan mú, á tẹ̀ ẹ́, á fi í sílẹ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe àlùbọ́sà. Láàárọ̀ kí n tó jáde, Ìyá Àgbà á na ọ̀pá dínà mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Fọlárìn."

"Mà."

"Máa bọ̀wọ̀ fágbà o."

"Ẹ ṣé, Mà."

Nígbà náà ni ọ̀pá á tó gbéra kúrò lọ́nà.

N kò ní dárúkọ ṣẹ́ẹ̀dì tí mo ti kọ́ṣẹ́. Ilé gígùn kan tó ga ni, irin ọ̀nà ọkọ̀ wọ inú rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ kòtò sáàárín irin méjèèjì kí èèyàn lè rìn lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rù ibẹ̀ kò kúrò lára mi fún ìgbà pípẹ́. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n dì sínú páìpù máa ń tú jáde pẹ̀lú ariwo lójijì bíi pé ẹnì kan ń gbé èèyàn ṣépè. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan, bí a ṣe ń pe táyà irin rẹ̀ nìyẹn, ga dé igbáàyà mi. Ọ̀gá mi ń jẹ́ Ọ̀gá Lájídé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í pariwo. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé kí n di ojú mi, kí n fi ọwọ́ nìkan mọ nọ́ọ̀tì. Ó ní, "Ibi tí iṣẹ́ gidi wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ojú kì í débẹ̀." Èyí tó kọ́ mi tẹ̀ lé e ni aṣọ pupa. Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, á kọ́ aṣọ pupa rẹ̀ síwájú ẹ́ńjìnnì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì náà títí wọ́n á fi yọ aṣọ yẹn. Èmi kò ní aṣọ pupa tèmi. Ọmọ iṣẹ́ kì í ní. Abẹ́ aṣọ ọ̀gá rẹ̀ ló máa ń wà.

Ẹni tó ń gbé ẹ́ńjìnnì wọlé, tó ń gbé e jáde, ni Alájì. Àgbà ni, ó sanra díẹ̀, ó sì lẹ́nu bí abẹ. Bí a bá jókòó jẹun lábẹ́ igi furúùtù, òun ló máa ń sọ̀rọ̀ jù. Lọ́jọ́ kan ó fi ṣíbí na wá, ó ní, "Ẹ wò ó, láti ìgbà tí mo ti Mẹ́kà dé lẹ ti gba orúkọ mi lọ́wọ́ mi. Alájì níbí, Alájì lọ́hùn-ún. Ìyàwó mi gan-an, Alájì ni. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí ní Mùfútáù. Á dúró lójúde, á ké e gùn, 'Mùfútáù o!' Ibi yòówù kí n wà, ẹsẹ̀ mi á dúró. Láti ìgbà tó ti kú, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́."

Káyọ̀dé, ọmọ iṣẹ́ tó ṣáájú mi, ní, "Alájì, ṣé ká máa wá bá yín pè é ni?"

"Dán an wò. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú eyín ẹ, kó o fi jẹ ẹran iléyá."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo bo ẹnu mi, nítorí Ìyá Àgbà.

Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ sí yìí, èmi àti Ọ̀gá Lájídé ti wà nínú kòtò láti àárọ̀. À ń pààrọ̀ irin bíréèkì, ìyẹn àwọn irin wúwo tó máa ń tẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ títí á fi dúró. Nígbà tó ku nọ́ọ̀tì kan, wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀gá láti ọ́fíìsì. Ó ní kí n mú nọ́ọ̀tì náà le kí òun tó dé, ó gun àkàsọ̀ jáde, ó fi aṣọ pupa rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó kọ́ ọ sí nítorí mi. Ẹ̀yìn irin bíréèkì ni nọ́ọ̀tì yẹn wà. Mo gun orí àpótí kan nínú kòtò, mo ti ọwọ́ ọ̀tún mi bọ àárín irin bíréèkì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ títí dé ìgúnpá, mo di ojú mi bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo ń yí sípánà díẹ̀díẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn Alájì lókè orí mi. Ó ti gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọ inú ẹ́ńjìnnì, nítorí pé wọ́n fẹ́ fi ọ̀nà yẹn gba ọkọ̀ mìíràn wọlé. Ó kígbe sílẹ̀ pé, "Káyọ̀dé! Wọ́n ti jáde?"

Káyọ̀dé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí bọ̀. Ó ti pàdé Ọ̀gá Lájídé lọ́nà ọ́fíìsì, ó sì rò pé mo wà lẹ́yìn ọ̀gá mi bí ọmọ iṣẹ́ ṣe máa ń wà. Ó dáhùn pé, "Wọ́n ti jáde, sà! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn ni."

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí bí mo ṣe máa ń dúró lójú pátákó nínú kíláàsì, nítorí olùkọ́ ni mí báyìí. Alájì béèrè nípa gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Káyọ̀dé dáhùn nípa ẹnì kan, àgbà kan, ọ̀gá rẹ̀, tí kò lè fẹnu ba ní "ó" láéláé. Kò sí irọ́ nínú ìbéèrè, kò sí irọ́ nínú èsì. Èmi tí mo wà lábẹ́ níbẹ̀ náà gbọ́ ọ ketekete, n kò sì bẹ̀rù rárá, nítorí ọmọ ilé Ìyá Àgbà ni mí: bí mo ṣe gbọ́ "wọ́n", ọ̀gá mi ni ọkàn mi lọ bá. Mo ní lọ́kàn mi pé, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti jáde. Mo ń bá nọ́ọ̀tì mi lọ.

Afẹ́fẹ́ tú níbì kan, n kò gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e, àfi bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá. Alájì ní, "Wọ́n wá gbàgbé aṣọ wọn síbẹ̀. Bá mi yọ ọ́ jàre." Káyọ̀dé ní, "Ó dáa, sà." Ó yọ ọ́.

Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sì ké. Ìdọ̀tí já bọ́ sójú mi láti òkè. Mo fẹ́ fa ọwọ́ mi jáde, kò wá. Apá ofaróòlù tí mo ká sókè ti tú, ó sì ti kọ́ irin ṣóńṣó kan lẹ́yìn níbi tí ojú kò dé. Mo pariwo. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí mo pariwo: "Ẹ jọ̀ọ́, sà! Ẹ dúró, sà!" Ọmọ tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ lọ̀ ni ó ń ki "sà" bọ ọ̀rọ̀. Nínú ṣẹ́ẹ̀dì yẹn, láti àárọ̀ títí wọ́n fi ń ṣíwọ́, kò sí ìgbà tí ẹnì kan kò sọ "ẹ dúró, sà" fún ẹlòmíràn. Ta ni á yíjú? Mo pe "Alájì! Alájì!" Gbogbo èèyàn ló ń pe Alájì, ó sì ti mọ bí a ṣe ń di etí sí i. Fèrè dún, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì fẹ́ gbéra. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ ara mi.

Mo wá gbọ́ ohùn kan tó ń ké gùn pé, "Mùfútáù! Mùfútáù o!" Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ohùn mi ni.

Ẹ́ńjìnnì náà kú. Mo gbọ́ bàtà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí irin pẹ̀lú ìbínú. "Ta nìyẹn? Ọmọ àlè wo ló ń pè mí lórúkọ? Káyọ̀dé, ìwọ ni? Ṣé nítorí mo bá yín ṣeré..." Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó rí ojú mi. Fìlà rẹ̀ já bọ́ sínú kòtò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí epo dúdú, pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀ sábẹ́. Ó ní, "Mo rò pé ìyá mi ni."

Ọ̀gá Lájídé sáré dé, òun ló bá mi yọ apá aṣọ náà. Ó fà ya díẹ̀. Ara mi kò ní ju ìbó lọ. Káyọ̀dé ń sunkún bí ọmọdé, ó ń tún un sọ pé, "Ọ̀gá, òótọ́ ni mo sọ. Wọ́n ti jáde lóòótọ́." Ọ̀gá Lájídé kò nà án. Ó kó gbogbo wa jọ, ó béèrè ní ohùn pẹ̀lẹ́ rẹ̀ yẹn pé, "Wọ́n mélòó?" Ó wá ní láti ọjọ́ náà lọ, bí èèyàn bá wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, a kò gbọdọ̀ sọ "wọ́n" fún ẹnì kan mọ́. Orúkọ ni a ó máa pè. Ẹnì kan, "ó" ni, bó tiẹ̀ jẹ́ òun fúnra rẹ̀. Kí a ní, Lájídé ti jáde, Fọlárìn ṣì wà lábẹ́.

Alájì gbórí sókè. "Tèmi ńkọ́? Kí àwọn ọmọ yìí máa pè mí ní Mùfútáù?"

"Nínú ṣẹ́ẹ̀dì nìkan, Alájì. Bí a bá ti dé abẹ́ igi furúùtù, ẹ padà di Alájì."

Ó ronú sí i. Ó ní, "Ó dáa. Káyọ̀dé, pè é kí n gbọ́."

Káyọ̀dé nu imú. "Alá... Mù... Mùfútáù, sà."

Ẹ̀rín pa wá.

Lẹ́yìn tí mo di olùkọ́ ni mo wá rí i pé àwọn tó sọ ẹ̀kọ́ gírámà di Yorùbá ti sọ ọ́ kalẹ̀ tipẹ́. Kí ni a ń pe "wọ́n" àti "ó" nínú ìwé? Arọ́pò-orúkọ. Ohun tí a fi rọ́pò orúkọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba apá mi àti èyí tó kù lára mi lọ́jọ́ yẹn. Orúkọ gan-an ló yọ mí. N kò tíì kọ́ ọmọ kíláàsì kan ní arọ́pò-orúkọ kí apá ọ̀tún mi má tutù.

N kò sọ ohunkóhun nílé. Okùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà níbẹ̀, ìyá mi sì ń di orí rẹ̀ mú. Mo ká apá aṣọ náà sókè kó má bàa rí ibi tó ya, mo na ọwọ́ mi fún un nírọ̀lẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe, ó tẹ ìka kọ̀ọ̀kan, ó fi í sílẹ̀. Ó dé orí ìbó náà, ó dúró. Ó ní, "Kí lèyí?" Mo ní irin ló họ mí. Ó wo ojú mi pẹ́, ó fa imú díẹ̀ bí ẹni tó dúró lójú ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń nu ọwọ́ mi lọ. N kì í sùn dáadáa mọ́. Ahọ́n mi náà fẹ́ tú mi fó, nítorí pé òfin ṣẹ́ẹ̀dì ti ń bá mi wálé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bi Bùnmi léèrè, "Dádì ńkọ́? Ó ti jáde?" Ọ̀pá dún lórí símẹ́ńtì. Ìyá Àgbà ní, "Ta ni ó? Ṣé irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ nìyẹn?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Ìyá mi wò mí láti ibi àlùbọ́sà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo gbọ́ ohùn kan tí mo mọ̀ lójúde. "Ẹ ńlẹ́ níbẹ̀ yẹn o. Ẹ kú ìsinmi." Alájì ni, pẹ̀lú fìlà tuntun àti àpò ọsàn kan. Ó ti béèrè ọ̀nà ilé wa láti ibùdókọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ó kí bàbá mi, ó wá yíjú sí ìyá mi tó ń ṣa àlùbọ́sà.

"Mo wá bẹ̀ yín ni, Mà. Ọkàn mi kò balẹ̀ láti ọjọ́ náà. Mo ní kí n wá fojú ara mi rí ìyá rẹ̀."

"Ọjọ́ wo, Alájì?"

Alájì wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Ha. Kò tíì sọ fún yín?"

Ìyá mi jókòó. Orí àlùbọ́sà ló jókòó sí, a sì gbọ́ bí díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe fọ́. "Ẹ sọ ọ́," ó ní. "Ẹ má yọ nǹkan kan kúrò."

Alájì sọ ọ́. Kò yọ nǹkan kan kúrò, ìbéèrè rẹ̀, èsì Káyọ̀dé, aṣọ pupa, fèrè, títí dé orí igbe mi. Nígbà tó parí, Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ yìí pe orúkọ yín? Orúkọ lásán, láìfi nǹkan kan síwájú rẹ̀?"

"Ó pè é, Mà."

"Ẹ̀yin tí ẹ tó bí bàbá ẹ̀?"

"Ká ní ó bọ̀wọ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn, Mà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni mi ò bá bá wọ ilé yìí."

Ìyá Àgbà ṣí ẹnu, ó pa á dé. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá mi kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó ní, "Lábẹ́ ibẹ̀ yẹn, bí n kò bá rí i, ta ni mo máa bi?" Alájì ṣàlàyé òfin tuntun náà fún un. Ìyá mi ní, "Ó ń pè yín lórúkọ báyìí?" Alájì ní, "Lójoojúmọ́, Mà. Etí mi kò tíì gbà á, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń dúró." Ìyá mi dìde, ó wọ yàrá lọ. Bàbá mi ní, "Ìyá Fọlá, ní sùúrù." Nígbà tó jáde, ofaróòlù mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ kejì. Mo mọ̀ pé ó ti parí. Ó tú apá tí mo ká, ó rí ibi tó ya, ó fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá fi àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́, ó ké e dànù láti ìgúnpá, ó ké èkejì náà, ó ju aṣọ náà sí mi láyà.

"Mo ti ní ọwọ́ ẹ ló ń gùn," ó ní. "Aṣọ kò gbọdọ̀ gùn jù ú lọ." Ó padà sídìí àlùbọ́sà rẹ̀, ó sì ń ya èyí tó fọ́ sọ́tọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ aṣọ tí kò lápá náà. Fèrè ọkọ̀ akẹ́rù ti dún, ayùn ti dún. Mo dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀pá Ìyá Àgbà nà dínà bó ṣe máa ń ṣe, mo sì dúró de ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀.

"Fọlárìn."

"Mà."

Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀.

"Pe orúkọ o."

Ọ̀rọ̀ tó ń fi sìn mí jáde nìyẹn títí mo fi parí ìkọ́ṣẹ́ mi, títí mo fi lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, títí ó fi lọ bá àwọn baba rẹ̀. Nínú ilé, "wọn" ṣì ni gbogbo ẹni tó bá juni lọ. Kò fi òfin yẹn ṣeré.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, n kò ní kí ẹ kọ́ ọmọ yín ní àrífín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ mi gbè é. Ẹ kọ́ wọn ní "wọ́n", kí ẹ sì kọ́ wọn ní ibi tí ó dópin sí. Bí ẹ bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, bí ẹ bá fẹ́ wa ọkọ̀ sẹ́yìn, bí ẹ bá fẹ́ da iná sílé, tí ẹ béèrè, tí ọmọ dáadáa kan sì dá yín lóhùn pé wọ́n ti jáde, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ ní kó pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dúró títí ẹ ó fi gbọ́ orúkọ ẹni tó kéré jù.